Bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ọmọ Íńdíà, tẹ́ ẹ á sì mọ̀ bóyá ó ń dàgbà bó ṣe yẹ

Fóònù lè bá yín ṣírò BMI ọmọ, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi kílò ẹ̀ wé gíga ẹ̀, kíákíá, àmọ́ kò lè sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí fún yín, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ Íńdíà. Ẹ wò ó. Ọmọbìnrin ọdún 5 tó ga tó mítà 1.08, tó wọn kílò 19.9, BMI ẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, mítà 1.38, kílò 32.4, 17 lòun náà. Ìyá wọn, mítà 1.55, kílò 41, òun náà 17. Àbúrò ti ń sanra jù, ẹ̀gbọ́n ò ní wàhálà kankan, ìyá ló rù. Torí náà ẹni tó bá gbé 18.5 sí 24.9, tó jẹ́ BMI tó dáa fún àgbà, tó wá fi ń díwọ̀n ọmọdé ti ṣìnà látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ Íńdíà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí lọ́dọ̀ wọn lọ̀rọ̀ yìí ti díjú jù. Ọmọ tó rù àti ọmọ tó sanra jù wà ní àdúgbò kan náà, nígbà míì inú ilé kan náà, àwọn dókítà ọmọdé ibẹ̀ sì ti jókòó ṣe ṣáàtì tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Delhi tàbí Bengaluru tàbí Pune, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń bá ìdílé Íńdíà pàdé ní London, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ará Íńdíà tẹ́ ẹ sì ti bímọ, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ṣáàtì tó bá ọjọ́ orí ọmọ náà mu

Tọ́mọ ò bá tíì pé ọdún 5, ṣáàtì Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó jáde lọ́dún 2006 ni wọ́n ń lò ní Íńdíà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe é: Brazil, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Ti Íńdíà, gúúsù Delhi ni wọ́n ti rí wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú dáadáa, tí ìyá wọn ò mu sìgá, tílé wọn ò tálákà. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ìtọ́jú bá pé, ọmọ Delhi àti ọmọ Oslo ní Nọ́wè máa ń ga bákan náà títí wọ́n á fi pé ọdún 5. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ọmọ Íńdíà ni, kúkúrú ni wọ́n", fún ọmọ ọdún 3, ẹ má gbà.

Láti ọdún 5 sí 18, ẹ lo ṣáàtì ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní IAP, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2015. Ti ọkùnrin yàtọ̀, ti obìnrin yàtọ̀, ẹ má gbé ọ̀kan fún èkejì o, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Lórí ṣáàtì BMI yẹn, ẹ máa rí àwọn ìlà tó ń gùn lọ. Ìlà 3 wà nísàlẹ̀, ìlà 50 wà láàárín (ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ ọjọ́ orí kan náà láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, ibi ìdajì nìyẹn), lókè ẹ máa rí ìlà méjì kan tí wọ́n kọ 23 àti 27 sí. Àwọn méjì yìí ni kẹ́ ẹ fojú sí. Kì í ṣe pé kí BMI ọmọ jẹ́ 23 o. Ọmọ tó bá wà lórí ìlà 23 báyìí, tó bá ń bá ìlà yẹn lọ, tó bá pé ọdún 18 BMI ẹ̀ á jẹ́ 23. Ẹni tó bá kọjá ìlà 23 ti ń sanra jù, ẹni tó bá kọjá 27, ìsanra tirẹ̀ ti di àìsàn.

Kí ló dé tí kì í fi ṣe 25 àti 30 bíi ti òyìnbó? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Dókítà kan wà ní Pune, Chittaranjan Yajnik lorúkọ ẹ̀. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti London, John Yudkin, gbé fọ́tò ara wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, Lancet, lọ́dún 2004. BMI àwọn méjèèjì jẹ́ 22.3, kò fi ibì kan yàtọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn ọ̀rá inú ara wọn, ti Yudkin jẹ́ 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Yajnik jẹ́ 21.2. Ìlọ́po méjì ó lé! Ẹran ara ẹni tó wá láti Íńdíà kéré, ọ̀rá ẹ̀ pọ̀, ikùn ló sì sábà máa ń kó sí, BMI ò sì lè rí i torí òṣùwọ̀n ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí ẹran. Yajnik àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún fi ọmọ tuntun Pune wé ti Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ti Pune wọn bíi kílò 2.7, ti Southampton bíi 3.5, síbẹ̀ ọ̀rá ẹ̀yìn àwọn ọmọ Pune tó rù yẹn ò dín kù tó bí ẹran ara wọn ṣe dín kù. Àtinú oyún ló ti ń bá wọn bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àtọ̀gbẹ fi ń mú àwọn ará Íńdíà nígbà tí BMI wọn ò tíì pọ̀ lójú òyìnbó, ìdí nìyẹn náà tí ìlà tiwọn fi wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn kílò ẹ̀

Èyí ò le. Òṣùwọ̀n onínọ́ńbà, ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀. Kó bọ́ bàtà àti swẹ́tà. Nílé Íńdíà ẹ tún máa wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀: ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ fàdákà, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀wọ̀n ìdí tí wọ́n ń fi sí ọmọ ọwọ́, gbogbo ẹ̀ kúrò. Lára ọmọ àgbà kò ní hàn púpọ̀ àmọ́ lára ìkókó ó lè yí nǹkan padà. Ọmọ tí kò bá lè dúró, kí ìyá kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n lóun nìkan, kó wá gùn ún pẹ̀lú ọmọ, kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, tí òṣùwọ̀n tó péye bá wà ní kílínìkì ẹ lọ lo tibẹ̀ jàre.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn gíga ẹ̀, ẹ fara balẹ̀

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ọmọ ọdún 10 tá a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 péré dín gíga ẹ̀ kù, BMI ẹ̀ á kúrò ní 17 á di 17.5, ẹ̀rù á sì máa ba yín lórí ohun tí kò sí.

Tí kò bá tíì pé ọdún 2, ìdùbúlẹ̀ lẹ máa wọ̀n ọ́n, lórí pákó tí wọ́n ṣe fún un, èèyàn méjì ló ń ṣe é, ọ̀kan á di orí mú, ìkejì á na ẹsẹ̀. Láti ọdún 2 lọ, kó dúró. Tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe wọn ọmọ tó ti ju ọdún 2 lọ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 0.7 kúrò.

Fún ìdúró: ògiri tó gún, tí pákó ìsàlẹ̀ ògiri ò yọ síta. Gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ẹ̀yìn orí kó kan ògiri. Kó wo iwájú tààrà, kó má gbé àgbọ̀n sókè (àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn àtimáa ga lọ́nà ẹ̀bùrú). Ẹ gbé ìwé tó le lé e lórí kó tẹ́ dáadáa, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì, ẹ fi téèpù irin wọ̀n ọ́n, kì í ṣe téèpù télọ̀ tó ti nà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Irun ńkọ́? Ọmọbìnrin tó di irun tí wọ́n fi òdòdó sí i, kó tú u. Ọmọkùnrin ẹlẹ́sìn Sikh tó ká irun ẹ̀ jọ sáàárín orí lábẹ́ aṣọ, irun yẹn ga o, ẹ ní kí ìyá ẹ̀ bá a tì í sẹ́yìn, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ̀sìn ni irun náà jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ohun tí àlejò ń na ọwọ́ sí.

Èèyàn máa ń ga láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ díẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ti fi àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ máa fi àárọ̀ bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣirò

Kílò pín sí mítà, ẹ tún pín in sí mítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kílò 32.4 ÷ 1.38 = 23.48, 23.48 ÷ 1.38 = 17.01. Ó parí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sàmì sórí ṣáàtì, ẹ kọ déètì

Ọjọ́ orí wà nísàlẹ̀, BMI wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kẹ́ ẹ fi àmì sí. Ọjọ́ orí tòótọ́ o: ọmọ ọdún 7 àti oṣù 9 kì í ṣe ọmọ ọdún 7.

Ẹ wá fi sọ́kàn pé BMI ọmọdé kì í gòkè tààrà. Ní ọdún àkọ́kọ́ ó máa ń ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, itan á ṣẹ́ po, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Tó bá ti ń rìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, á máa wálẹ̀ títí dé bí ọdún 5 tàbí 6, kó tó tún máa gòkè. Àkókò tó ń wálẹ̀ yìí gan-an ni ìyá ẹ̀ máa ń ké pé ọmọ ò jẹun mọ́, tí ìyá àgbà, dadi tàbí nani, á máa lé e kiri ilé pẹ̀lú síbí àti bọ́tà ghee. Kò sí ohun tó ṣe é! Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni kí BMI bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kí ọdún 5 tó pé. Ní Delhi, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọ́n fi di géńdé, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2004. Àwọn tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn dàrú nígbà tí wọ́n dàgbà, tín-ínrín ni wọ́n títí dé ọdún 2, lẹ́yìn náà ni BMI wọn tètè gòkè ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Torí náà ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 2.4, tí gbogbo ilé wá fi tipátipá ń bọ́ kó lè sanra, lẹ́yìn ọdún 2 ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń gòkè.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo gíga lọ́tọ̀

Ọmọkùnrin ọdún 8, mítà 1.14, kílò 20.5. BMI ẹ̀ jẹ́ 15.8, ó dáa gan-an, àbí? Àmọ́ ọmọkùnrin ọdún 8 láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ga tó bíi mítà 1.27. Ọmọ yìí kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, kílò ẹ̀ náà kéré, méjèèjì kéré pa pọ̀ ni BMI fi dà bíi pé kò sí nǹkan. Irú ẹ̀ sì pọ̀ ní Íńdíà. Nínú ìwádìí ìdílé tí ìjọba ṣe láàárín 2019 sí 2021, NFHS-5, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó kúrú ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ jẹ́ 35.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó rù ju gíga wọn lọ jẹ́ 19.3, àwọn tó sanra jù 3.4, tó sì jẹ́ 2.1 nínú ìwádìí tó ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi BMI nìkan wo ọmọ, àwọn 35.5 yẹn ló máa fò dá.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó kúrú, ẹ wo bàbá àti ìyá ẹ̀. Ẹ ro gíga àwọn méjèèjì pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, tó bá jẹ́ ọkùnrin ẹ fi 13 kún un, tó bá jẹ́ obìnrin ẹ yọ 13 kúrò, ẹ wá pín in sí méjì. Bàbá 168, ìyá 154: ọmọkùnrin wọn á sún mọ́ 167.5, ọmọbìnrin wọn á sún mọ́ 154.5, ó lè fi bíi 8 lé tàbí dín. Àmọ́ tí òbí fúnra wọn bá ti jìyà ebi ní kékeré, ìṣirò yìí á máa dá ọmọ láre lọ́nà àìtọ́, ẹ rántí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ tún tún un wọ̀n

Àmì kan ò sọ nǹkan púpọ̀. Àmì mẹ́rin márùn-ún tẹ́ ẹ so pọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìkókó, ẹ máa wọ̀n ọ́n nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú káàdì ìyá àti ọmọ. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí dé ọdún 8, lẹ́yìn ìyẹn ọdọọdún. Kó sẹ́ni tó ń wọn ọmọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ o, ẹ máa da orí ara yín rú, ẹ máa da ti ọmọ náà rú.

Ọdún àkọ́kọ́ ó máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ga sí i, ìkejì bíi 12, láti ọdún 5 sí ìgbà ìbàlágà 5 sí 6 lọ́dún pẹ̀lú kílò 2 sí 3. Ọmọbìnrin ló máa ń kọ́kọ́ ta sókè, bíi ọdún 10 sí 12, ọmọkùnrin á dé lẹ́yìn. Lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 ló sábà máa ń kù kí ọmọbìnrin tó dúró.

Ìgbésẹ̀ 8: Téèpù ikùn, àti ọrùn

Torí ọ̀rọ̀ Yajnik tá a sọ yẹn, ẹ má fi mọ sórí BMI nìkan. Fún ọmọ tó ti ju ọdún 5 lọ, ẹ fi téèpù yí ikùn ẹ̀ ká, láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti eegun ìbàdí, kó mí síta kẹ́ ẹ tó kà á. Kò yẹ kó ju ìdajì gíga ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ga ní 138, ikùn 69 ni òpin ẹ̀.

Ẹ wá gbé irun ọrùn ẹ̀ sókè. Tí ẹ̀yìn ọrùn tàbí abẹ́ apá bá dúdú, tó sì nípọn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn ìyá kan máa ń fi kànkàn ha á títí á fi bó. Ó lè jẹ́ pé ínsúlìn, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára ẹ̀, dókítà ló nílò, kì í ṣe ọṣẹ.

Àwọn tí wọ́n wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, téèpù apá ni òṣìṣẹ́ Anganwadi máa ń lò. Anganwadi ni ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ káàkiri abúlé àti àdúgbò láti 1975. Apá òsì lókè ni wọ́n ń wọ̀n: tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó ti rù gan-an, ó nílò ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, láàárín 11.5 sí 12.5 kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Oúnjẹ, láìsí ariwo

Oúnjẹ Íńdíà fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà. Dal, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì, rótì àlìkámà tàbí jéró, dahi tó jẹ́ wàrà dídì, ẹ̀pà, ẹ̀wà rajma àti ẹ̀wà chana, ẹyin nílé àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ilé tí wọn kì í jẹ ẹran rárá, ẹ máa bi dókítà léèrè nípa fítámì B12, àti irin inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá, torí NFHS-5 kan náà ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára 67.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ oṣù 6 sí 59. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú dal, ẹ má fún ọmọ ní tíì pẹ̀lú oúnjẹ. Mílíìkì pẹ̀lú, tó bá pọ̀ jù ọmọ ò ní rí àyè jẹ nǹkan míì.

Àwọn páúdà aládùn tí wọ́n ń dà sínú mílíìkì, tí wọ́n ní á jẹ́ kọ́mọ ga? Ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀. Lọ́dún 2024 ìjọba Íńdíà sọ fún àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má to irú ẹ̀ sábẹ́ ohun mímu ìlera mọ́. Ọmọ tó rù ò nílò ẹ̀, ọmọ tó sanra náà ò nílò ẹ̀.

Bísíkíìtì, chips, mínírà, ìwọ̀nyí ló ń wọlé láti ilé-ìwé. Òfin ọdún 2020 ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ àti ṣúgà ẹ̀ pọ̀ jù nínú ilé-ìwé àti láàárín 50 mítà sí géètì, àmọ́ ẹ mọ̀ pé 50 mítà ò jìnnà fún ọmọ tó lówó lápò. Tiffin, ìyẹn oúnjẹ inú kúlà tẹ́ ẹ bá dì fún un láti ilé, ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Nílé-ìwé ìjọba, oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ti wà, 450 kálórì àti gíráàmù 12 pròtéènì fún àwọn kékeré, 700 àti 20 fún àwọn àgbà díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yín.

Ọmọ tó sanra jù, ẹ má febi pa á. Ó ń ga lọ́wọ́ báyìí, tí kílò ẹ̀ bá kàn dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀ tó ń ga sí i, BMI á sọ̀ fúnra ẹ̀. Kó máa sáré, kó máa gbá kírikẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Tuition, ìyẹn lẹ́sìn, lẹ́yìn ilé-ìwé títí di aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń gba àkókò yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà, mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́ o. Ẹ má sì pè é ní mota, "sanra-sanra", kódà nínú eré.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rí dókítà

Tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà 3 tàbí lókè ìlà 27. Tó bá fò kọjá ìlà ńlá méjì, sókè tàbí sísàlẹ̀, láàárín ọdún kan. Tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 lọ́dún láàárín ọdún 4 sí ìgbà ìbàlágà. Ọmọ tó ń sanra tí kò ga, ẹ tètè lọ, torí ẹni tí oúnjẹ mú sanra sábà máa ń ga pẹ̀lú, èyí tí kò ga yìí, dókítà á fẹ́ yẹ táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn ẹ̀, wò. Ọmọ tó kúrú tí inú ń yọ lẹ́nu, ní àríwá Íńdíà níbi tí rótì àlìkámà ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, wọ́n á wò bóyá àlìkámà ni ara ẹ̀ ò gbà. Ẹ mú ṣáàtì yín dání pẹ̀lú gbogbo àmì àti déètì ẹ̀.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín kì í ṣe ọmọ Íńdíà, tó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ń gbé, dókítà á ṣí ṣáàtì IAP láìbéèrè torí òun ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Fún ọmọ Yorùbá tó ti ju ọdún 5 lọ, ẹ ní kó bá yín ṣí ti WHO ọdún 2007. Ìlà 23 àti 27 yẹn, ara àwọn ọmọ Íńdíà ni wọ́n wò kí wọ́n tó fà á.